Egbòogi Amúnirù: Ewé Tí Kò Lórúkọ

Ẹni tí ó bá gba ìhà Asafo rìn wọ Fante New Town, ní ìlú Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Gánà, kò ní pẹ́ rí i pé ara rírù ti di ọjà. Lórí tábìlì ẹ̀bá ọ̀nà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìpara àti irun àtọwọ́dá, lára ògiri àti lẹ́nu ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, ohun kan náà ni wọ́n ń polówó: páálí tíì, ìgò omi aláwọ̀ ilẹ̀, ike oníhóró, tí àwòrán obìnrin méjì wà lára rẹ̀. Obìnrin àkọ́kọ́ sanra, ó sì fajú ro. Èkejì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé àwòrán náà kì í yàtọ̀: ewé ni, àdáyébá ni, kò léwu. Fante New Town kò dá nìkan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìbàdàn ń tà á, Èkó ń tà á, Kútọnu ń tà á, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ́nù náà ń rí i rà. Ṣùgbọ́n Kumasi yẹ fún àkíyèsí ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé ìlú tí ó mọ iyì ewé ni.

Ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Okomfo Anokye, àwòrò tí ìtàn àwọn Asante sọ pé ó bá Osei Tutu fi ìdí ìjọba wọn múlẹ̀. Yunifásítì Kwame Nkrumah tí ó wà ní ìlú kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ egbòogi títí dé ojú oyè ní ọdún 2001. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1975, ni Dókítà Oku Ampofo, ẹni tí ó ti kọ́ ìṣègùn òyìnbó ní Edinburgh kí ó tó padà wá bọ̀wọ̀ fún ewé ilé rẹ̀, ti dá ibùdó ìwádìí egbòogi sílẹ̀ ní Mampong-Akuapem. Òfin 575 ti ọdún 2000 sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò máa mójú tó iṣẹ́ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Gánà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé ẹni tí ó bá bẹnu àtẹ́ lu egbòogi amúnirù ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àṣà Áfíríkà, Kumasi kọ́ ni ó yẹ kí ó ti sọ ọ́.

Ohun tí Yorùbá ń pè ní oògùn ìbílẹ̀, tí àwọn Akan ń pè ní abibiduro, ní ìlànà tirẹ̀. Oníṣègùn a máa bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó já ewé. Ó mọ igi tí ó wa egbò rẹ̀, ó mọ bí wọ́n ti í sè é, ó mọ ìwọ̀n tí ọmọdé lè mu àti èyí tí aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn, a sì máa ka èèwọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí yóò lò ó. Bí oògùn bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ilé oníṣègùn kò sọnù. Àwọn ará ilé aláìsàn mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ wá gbé ike oníhóró ti ẹ̀bá ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ èyí. Ta ni ó bi obìnrin tí ó rà á bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ewé wo ni ó wà nínú rẹ̀, mélòó ni, ta ni ó sì gún un? Nígbà tí àwọn oníṣòwò Yorùbá gbé ọṣẹ dúdú dé Gánà, àwọn Akan sọ ọ́ ní alata samina, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata, nítorí pé Alata ni wọ́n ń pe àwọn ará ìhà ọ̀hún. Òfin tí ìjọba Busia gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 lé púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò náà padà sílé, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò kúrò lára ọṣẹ. Ọjà tí ó bá gba orúkọ ẹni tí ó gbé e wá ní ẹni tí wọ́n lè bi léèrè. Èyí tí ó wà nínú ike yìí kò ní baba, kò ní ìyá, kò ní ìlú.

Kí ni ó dé tí wọ́n fi ń rà á? Ìbéèrè yìí kò yẹ ní fífi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú èdè Yorùbá, ara rírù kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi owó wá. Ẹni tí ó bá rù, àánú rẹ̀ ni ó máa ń ṣe ará àdúgbò. Wọn yóò bi í bóyá kò sí nǹkan. Ẹni tí ó bá sanra, wọn a ní ara tù ú, ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, ọjà ń tà. Àwọn ará Gánà ní orúkọ tiwọn fún obìnrin tí ó sanra, obolo, ẹ̀fẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ bí ìyìn ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ìwádìí ìjọba Gánà lórí ìlera àwọn ìdílé fi hàn pé ní 2003, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tí ó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni ara wọn tóbi ju bí ó ti yẹ lọ; ní 2008 ó di 30; ní 2014 ó di 40. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí òjìji. Obìnrin tí ó jókòó nídìí ọjà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, tí dókítà sọ fún pé kí ó rù, tí ó sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni dókítà náà ní fún un, kò ṣe ohun ìtìjú bí ó bá wá ìrànlọ́wọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti fi èdè rẹ̀ pè é. Ẹni tí ó yẹ kí ojú tì ni ẹni tí ó mọ̀ pé òfìfo ni ohun tí ó wà nínú páálí, tàbí pé ó burú ju òfìfo lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ibi jù lọ lára páálí náà ni àdáyébá. Àwọn olùkọ́ èdè ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e yẹ̀ wò, nítorí pé ẹnu wọn ni ó ti gba ìyì. Ohun tí a dé ayé bá ni àdáyébá. Ọ̀rọ̀ náà sọ nípa ìgbà, kò sọ nípa ewu. A dé ayé bá ejò. A dé ayé bá gúdúgúdú, tí ó jọ iṣu lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí ó sì lè pa ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ láìṣe é bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti ń ṣe é. Kò sí àgbà kan nílẹ̀ Yorùbá tí ó gbà pé ohunkóhun tí ó bá ti inú igbó wá kò lè pa ènìyàn. Àwọn tí ó mọ igbó jù lọ ni ó bẹ̀rù rẹ̀ jù lọ. Ìpolówó ọjà ni ó fi ìtumọ̀ tuntun wọ ọ̀rọ̀ náà, tí ó wá dà bí ẹni pé àdáyébá àti aláìléwu jẹ́ ọmọ ìyá.

Ìtàn kan wà tí kò yẹ kí olùkọ́ èdè kankan má mọ̀. Ní Brussels, olú-ìlú Bẹ́ljíọ̀mù, ilé ìtọ́jú kan wà tí àwọn obìnrin ti ń lọ gba oògùn láti rù. Ní 1990, wọ́n yí àpòpọ̀ oògùn náà padà, wọ́n fi egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà kún un. Ọ̀kan nínú rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ egbò Stephania tetrandra, tí àwọn Ṣáínà ń pè ní han fang ji. Ohun tí ó bọ́ sínú àpò ni egbò Aristolochia fangchi, tí wọ́n ń pè ní guang fang ji. Igi méjì tí kò bá ara wọn tan ni wọ́n, ṣùgbọ́n fang ji ni ìdí orúkọ àwọn méjèèjì. Ní 1993, Vanherweghem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé kíndìnrín àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n gba oògùn yìí ń daṣẹ́ sílẹ̀ kíákíá. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ọ̀ràn náà kàn ní ìgbẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú wọn di ẹni tí ń gbé ayé lórí ẹ̀rọ tí ń bá ni fọ ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára. Ó tún kù. Ní ọdún 2000, ìròyìn mìíràn jáde láti Brussels: nínú àwọn 39 tí wọ́n gbà kí wọ́n yọ kíndìnrín tí kò wúlò mọ́ kúrò lára wọn, 18 ni wọ́n bá jẹjẹrẹ ní ọ̀nà ìtọ̀ wọn. Oró tí ó ṣe gbogbo èyí, inú egbò igi ni ó ti wá. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kankan ni ó pò ó. Àwọn dókítà tí ó kọ ọ́ fún wọn kì í ṣe gbájúẹ̀. Orúkọ ni wọ́n ṣì.

Bí ẹnìkan bá rò pé ọ̀rọ̀ Ṣáínà àti Bẹ́ljíọ̀mù ni èyí, kí ó dé ọjà elégbòogi ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Aristolochia ringens wà níbẹ̀. Akogun ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń lò ó fún inú rírun àti àwọn àìsàn mìíràn. Ẹbí kan náà ni òun àti ti Brussels, ásíìdì tí ó sì jẹ́ orúkọ ẹbí náà ni àwọn onímọ̀ kà mọ́ ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Pierre Fatumbi Verger, tí ó kó orúkọ ewé jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu àwọn babaláwo, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ Ewé, tí ó jáde ní 1995, pé ewé kan lè ní orúkọ púpọ̀ lẹ́nu Yorùbá, orúkọ kan sì lè jẹ́ ti ewé púpọ̀. Kò sí àléébù níbẹ̀ fún babaláwo tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ewé, tí ó fi ojú rí i, tí ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ewu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ewé bá di lẹ́búlẹ́bú, tí lẹ́búlẹ́bú bá wọ inú hóró, tí hóró bá wọ ọkọ̀ ojú omi. Láti ibẹ̀ lọ, orúkọ nìkan ni ẹ̀rí tí ó kù. Bí orúkọ náà kò bá sì sí lára ike, kí ni obìnrin náà ń gbé mì?

Ti tíì rọrùn láti sọ. Púpọ̀ nínú tíì tí wọ́n ń tà láti fọ ikùn ni ó ní ewé senna nínú, ìbátan èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní àsùnwọ̀n òyìnbó. Oògùn ìyàgbẹ́ ni, oògùn ìyàgbẹ́ gidi sì ni. Ilé ìwòsàn pẹ̀lú ń lò ó fún ẹni tí inú rẹ̀ bá ṣù. Ṣùgbọ́n inú ìfun ńlá ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ìfun kékeré sì ti fa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú agbára oúnjẹ sínú ara kí ó tó dé ibẹ̀. Ohun tí obìnrin náà yà sílẹ̀ jẹ́ omi àti iyọ̀ ara. Ó gorí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kejì, ó rí i pé òun ti fúyẹ́, ó sì yin ẹni tí ó tà á fún un. Bí ó bá ti mu omi tẹ́rùn, gbogbo rẹ̀ a padà. Bí ó bá ń mu ún lọ láìdáwọ́ dúró, pọtáṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ débi pé ọkàn rẹ̀ yóò máa lù ségesège. Ọ̀rá kò sí nínú ohun tí ó kúrò lára rẹ̀.

Ẹlòmíràn a máa sọ pé irọ́ ni, pé òun lo ti òun, òun sì rù ní tòótọ́, ebi kì í tilẹ̀ pa òun mọ́. Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ ni ó ń sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí àyà ti já a. Oògùn òyìnbó kan wà tí ń jẹ́ sibutramine, tí àwọn dókítà ń kọ fún àwọn tí ó sanra jù. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn tí ó súnmọ́ 10,000, àwọn àgbàlagbà tí ó ní àrùn ọkàn tàbí àtọ̀gbẹ, wọ́n sì rí i pé ìdá 11.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gbà á ni àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ dé bá, nígbà tí ó jẹ́ 10 lára àwọn tí ó gba hóró òfìfo. Ní 2010, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mú un kúrò ní ọjà. Ibo ni ó lọ? Ó lọ wọ aṣọ ewé. Àwọn oníwádìí tí ó yẹ àkọsílẹ̀ àjọ oúnjẹ àti oògùn ti Amẹ́ríkà wò láti 2007 sí 2016 bá 776 ọjà afúnilókun tí wọ́n ti fi oògùn pamọ́ sínú wọn. Nínú àwọn wọ̀nyí, 317 jẹ́ ti ara rírù. Sibutramine sì wà nínú 269 nínú 317 náà. Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Níhìn-ín, ewé kò tilẹ̀ pẹ́ lára ohunkóhun. Bébà tí wọ́n fi di ẹrù lásán ni. Oògùn tí òyìnbó lé kúrò nílé ìpoògùn nítorí ewu rẹ̀ ni obìnrin Kumasi ń gbé mì ní orúkọ pé òun sá fún oògùn òyìnbó.

Èsì tí àwọn tí ń gbè lẹ́yìn ọjà yìí máa ń fọ̀ kò ṣàìní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní oògùn òyìnbó pẹ̀lú ti pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni. Fenfluramine ba fáfù ọkàn jẹ́ kí wọ́n tó mú un kúrò ní 1997. Ní Faransé, Mediator, tí iléeṣẹ́ Servier ń ṣe, wà lọ́jà títí di 2009. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ni wọ́n ní ó wà fún, púpọ̀ ni ó lò ó láti rù, ó sì gba ìforítì obìnrin dókítà kan, Irène Frachon, kí ìjọba tó gbọ́. Ilé ẹjọ́ dá iléeṣẹ́ náà lẹ́bi ní 2021. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó gbàgbé èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti di mímọ̀: orúkọ oògùn wà, ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tí ó ṣe é wà, dókítà sì lè ka iye aláìsàn tí ó lò ó. Wọ́n rí ẹni mú nítorí pé ọ̀daràn náà ní àdírẹ́sì. Bí kíndìnrín obìnrin kan bá daṣẹ́ sílẹ̀ ní Fante New Town lọ́la nítorí ike tí kò ní orúkọ ewé lára, ta ni wọn yóò pè lẹ́jọ́? Àwọn nọ́ọ̀sì yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kíndìnrín rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀ṣẹ̀ Servier gbèjà ike aláìlórúkọ kò gbèjà Áfíríkà. Àyè tí Servier ìbá fẹ́ ni ó ń wá fún oníṣòwò mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ewu sinmi díẹ̀. Bí ewé inú páálí bá tilẹ̀ jẹ́ ewé tí wọ́n pè é, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Orógbó ní ìbátan kan ní ilẹ̀ Íńdíà, Garcinia cambogia, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé pé ó ń yọ́ ọ̀rá. Ní 1998, Heymsfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ènìyàn 135 sí ọ̀nà méjì, wọ́n fún apá kan ní Garcinia, apá kejì ní òfìfo, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn méjèèjì kò fi nǹkan kan ju ara wọn lọ. Hoodia ti gúúsù Áfíríkà ní ìtàn tí ó tún korò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn San ni ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ nínú aginjù kí ebi má baà dà wọ́n láàmú lójú ọ̀nà ọdẹ. Àjọ ìwádìí ìjọba South Africa gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí orúkọ ara rẹ̀ láìbi àwọn San, àfi ní 2003 tí wọ́n tó bá wọn ṣe àdéhùn ìpín èrè. Pfizer gbé e, ó sì jù ú sílẹ̀. Unilever gbé e, òun náà jù ú sílẹ̀ ní 2008, nítorí kò ṣiṣẹ́, kò sì fara rọ. Nígbà tí àbájáde ìwádìí wọn jáde ní 2011, àwọn obìnrin tí ó mu ún kò jẹun dín ju àwọn tí kò mu ún lọ. Èrè tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn San kò wálẹ̀. Síbẹ̀ páálí Hoodia kò tán lọ́jà.

Apọ̀n wá ńkọ́? Òun ni ó yẹ kí ó pa Yorùbá lẹ́rìn-ín jù lọ. Hóró inú èso òro, Irvingia gabonensis, tí ìyá gbogbo ènìyàn ń fi se ọbẹ̀ tí ń fà yọ̀ọ̀, ti di oògùn amúnirù ní Amẹ́ríkà. Máńgòrò Áfíríkà ni wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí bí òkèlè iyán ṣe ń bá ọbẹ̀ apọ̀n wọlẹ̀ yóò fẹ́ bèèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ènìyàn rù. Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn o, nítorí ohun tí wọ́n ń tà kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kamẹrúùnù: èyí tí ó jáde ní 2005 lò ènìyàn 40; èyí tí ó jáde ní 2009 lò 102, ó sì wí pé àwọn tí ó gba mílígírámù 300 lójúmọ́ pàdánù kílò 12.8 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Kílò 12.8! Abẹ́rẹ́ semaglutide tí gbogbo ayé ń sáré lé báyìí gba ọ̀sẹ̀ 68 kí ó tó mú ìdá 14.9 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara kúrò, lára ènìyàn 1,961 tí wọ́n fi ìdánwò náà lọ̀. Bí hóró ọbẹ̀ bá lè sáré tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí gbogbo yunifásítì tí ó wà láti Kumasi dé Ifẹ̀ ti tún ìdánwò náà ṣe. Igho Onakpoya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí orí apọ̀n jọ ní 2013. Mẹ́ta péré ni wọ́n rí tí ó yẹ ní kíkà, wọ́n sì rí àléébù lára gbogbo wọn. Èyí kò sọ pé apọ̀n kò lè ṣe nǹkan kan. Ó sọ pé ẹni tí ń gba owó lórí rẹ̀ ń gba owó lórí ohun tí kò tíì dá a lójú.

Òwe kan wà tí ó ti di ibi ìsádi fún irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀: oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Lẹ́nu oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́, òwe ìrẹ̀lẹ̀ ni; ó ń rán an létí pé kí ó padà lọ wo iṣẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́nu ẹni tí ń ta ike, ó di pańpẹ́. Bí obìnrin náà kò bá rù, kò lò ó pẹ́ tó. Bí ó bá lò ó pẹ́, kò ra èyí tí wọ́n ń lò mọ́ ọn. Bí ó bá ra méjèèjì, ó jẹ èbà ní alẹ́. Kò sí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lágbàáyé tí yóò fi hàn pé oògùn náà kò dára. Ọ̀rọ̀ tí kò sí bí ó ti lè já sí irọ́ kò ní bí ó ti lè já sí òtítọ́, owó obìnrin náà sì ti lọ, oṣù mẹ́fà tí ìbá fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ náà ti lọ.

Òfin kò ṣàìsí. Ní Gánà, Òfin Ìlera Àwùjọ ti 2012, Òfin 851, ní kí egbòogi gba ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ oúnjẹ àti oògùn kí ó tó dé ọjà, àjọ náà sì ní láti fọwọ́ sí ìpolówó kí ó tó dé orí afẹ́fẹ́. Ní Nàìjíríà, NAFDAC a máa kọ orúkọ egbòogi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti wo bóyá ó ní oró. Ṣùgbọ́n lára irú egbòogi bẹ́ẹ̀ ni ó ti gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó lè ṣe wò. Gbólóhùn yẹn níyì ju gbogbo ohun tí ó wà lára páálí náà lọ. Ó jẹ́ ìjẹ́wọ́ pé nọ́ńbà tí oníbàárà rí, tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, kò túmọ̀ sí pé oògùn náà ń mú ènìyàn rù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ní lẹ́tà tí ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká pàápàá ní láti gbé súnmọ́ iná kí ó tó kà á. Ìlérí wà ní Twi, ó wà ní Yorùbá, ó ní ìlù, ó ní orin, ó ní ohùn ọkùnrin tí ń pe àwọn ìyá ọlọ́jà ní orúkọ ìkẹ́. Ìkìlọ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dákẹ́.

Iṣẹ́ àwọn tí ń kọ́ni ní èdè wà níbí, kò sì tíì sí ẹni tí ó gbà á ṣe. Àwọn ni wọ́n ń ṣe ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, fún òfin, fún ìṣèlú; wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ fún kọ̀ǹpútà, wọn kò tíì rí gbólóhùn kan tí yóò dúró lára ike oògùn. Gbólóhùn náà kò le. Ó lè ka báyìí: Kò sí ẹni tí ó tíì dán an wò bóyá oògùn yìí ń mú ènìyàn rù; ẹni tí ó bá ní àrùn ọkàn, àrùn kíndìnrín tàbí oyún kò gbọdọ̀ lò ó; ewé tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí, ìwọ̀n rẹ̀ nìyí, ẹni tí ó ṣe é nìyí. Lẹ́yìn náà kí àwọn àjọ méjèèjì sọ ọ́ di dandan pé èdè tí wọ́n bá fi polówó ni kí wọ́n fi ka èyí, láti ẹnu ẹni tí ó polówó, kí ohùn rẹ̀ má sì wálẹ̀ nígbà tí ó bá dé orí rẹ̀.